Bí mo ṣe mọ iye kílò ìrẹsì kan kí a tó ra àpò

Sátidé tó kọjá, èmi àti Ìyá Ìbejì tí yàrá wa kọjú síra fẹ́ ra ìrẹsì. Mo ní ₦50,000, òun ní ₦30,000. Kò sẹ́ni tó lè dá ra àpò nínú wa, bẹ́ẹ̀ kóńgò-kóńgò tí à ń rà ti ń jẹ owó ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjà, oníṣòwò kan pe kóńgò ní ₦2,550. Ẹni tó pàtẹ sí ọ̀kánkán rẹ̀ pe tirẹ̀ ní ₦2,400. Àpò oníkílò 50 jẹ́ ₦80,000. Ìyá Ìbejì ti ń já lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún-méjì-ó-lé-irinwó, ni mo bá fi owó ọbẹ̀ mi ra kóńgò kan lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: òkè rẹ̀ á ga gègèrè, inú rẹ̀ ò sì gba nǹkan. Mo gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì nílé. Ti ₦2,550 jẹ́ kílò 1.5. Ti ₦2,400 jẹ́ kílò 1.25 péré.

Mo kọ́kọ́ ṣì í ṣírò. Mo pín 50 sí ọ̀nà 80,000, fóònù sì gbé 0.000625 jáde. Kì í ṣe irọ́ o, ìwọ̀n ìrẹsì tí náírà kan lè rà nìyẹn, àmọ́ ta ló ń fi náírà kan ra ìrẹsì? Owó ló yẹ kó wà lókè, kí kílò wà nísàlẹ̀:

80,000 ÷ 50 = ₦1,600
2,550 ÷ 1.5 = ₦1,700
2,400 ÷ 1.25 = ₦1,920

Èyí tí ojú ń rí bíi pé ó pọ́ọ́kú ló wọ́n jù! A padà lọ gbé àpò. Ọlọ́kadà gba ₦2,000, tó sọ kílò kan di ₦1,640, síbẹ̀ a ṣì jèrè.

Ó wá ku pínpín. Ìyá Ìbejì ní ká pín in sí méjì, kí n kàn bu díẹ̀ lé tèmi. Mo ní rárá, 50,000 sí 30,000 ni 5 sí 3. Ìpín 8 ni gbogbo rẹ̀, kílò 50 sí ọ̀nà 8 sì jẹ́ 6.25. Ìlọ́po 5 rẹ̀ ni tèmi, 31.25. Ìlọ́po 3 ni tirẹ̀, 18.75. Mo fi ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò: 30,000 ÷ 1,600, 18.75 náà ni. Kóńgò gidi méjìlá àtààbọ̀ nìyẹn. Bí a ṣe pín owó ọlọ́kadà náà nìyẹn: mo san ₦1,250, ó san ₦750.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní ká fi 1.5 yẹn ṣírò gààrì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, gààrì fúyẹ́ ju ìrẹsì lọ. Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n.”