Bí ọmọ ṣe lè bá adìẹ ẹ̀yìnkùlé ṣọ̀rẹ́, kí Kérésì má sì bà á jẹ́

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibi tó dùn mí jù. Ọdún méjì sẹ́yìn ní Kubwa l'Ábújá níbí, mo ra àgbébọ̀ adìẹ kan sílẹ̀ de Kérésì, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá ní kí ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 máa fún un lágbàdo. Kí n tó mọ̀ ó ti sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, tó bá jí láàárọ̀ òun ló kọ́kọ́ ń lọ kí kó tó kí èmi àti bàbá ẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì a pa Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ yẹn ò sunkún rárá, ó kàn wọ yàrá lọ jókòó, kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tó máa lanu sọ̀rọ̀, ohun tó bi mí ni pé "Mọ́mì, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún òbí tó bá bi mí pé kẹ́ ẹ tó ra adìẹ kankan, ẹ pinnu ná, ṣé ti ìkòkò ni àbí tọmọ. Tó bá jẹ́ ti ìkòkò, ẹ sọ fọ́mọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wọlé, kó má sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá sì jẹ́ tọmọ, tọmọ ni o, Kérésì ò kàn án, Iléyá ò kàn án, àlejò tó ti Ìlọrin wá lójijì náà ò kàn án. Adìẹ tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 5 sí 8, ọmọ ọdún 7 á ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì kí adìẹ náà tó kú, ẹ rò ó dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá ti pinnu, ẹ má ra ẹyọ kan. Adìẹ kan ṣoṣo kì í gbádùn, wọ́n máa ń fẹ́ ẹgbẹ́, méjì tàbí mẹ́ta ló dáa. Èmi ò kì í gba òbí níyànjú òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan fún ọmọ kékeré, torí wọ́n nílò ooru bíi ìwọ̀n 35 lórí Celsius ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá máa fi bíi 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná NEPA ṣe rí. Ẹ ra èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí ìyẹ́ ti bo ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti gba àjẹsára. Adìẹ ìbílẹ̀ gbọ́n ó sì lágbára, àmọ́ ó máa ń sá fún èèyàn. Tó bá jẹ́ ẹyin lẹ ń wá, Shika Brown wà, àwọn NAPRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tìjọba ní Shika nítòsí Zaria, ló mú un jáde. Àwa ra adìẹ ẹ̀yà Noiler méjì. Máálàm tó ń ṣọ́ géètì wa ló kọ́ ọmọ mi pé kaza ni Hausa ń pe adìẹ, bí ìkan ṣe di Kaza nìyẹn, èkejì ń jẹ́ Àṣàkẹ́.

Ó yá, bí wọ́n ṣe máa ṣọ̀rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ọmọ má fọwọ́ kàn wọ́n rárá, kó kàn máa jókòó sítòsí, kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èyí ló le jù fọ́mọdé, ẹ dúró tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá agolo mílíìkì kan, kó da àgbàdo díẹ̀ sí i, kó máa mì ín kó tó fún wọn, kó sì máa fi ohùn kan náà pè wọ́n lójoojúmọ́, ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Agolo yẹn ṣe pàtàkì o, láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n bá ti gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ wọ́n á sáré wá. Kó kọ́kọ́ dà á sílẹ̀ jìnnà sẹ́sẹ̀ ẹ̀, lọ́jọ́ kejì kó sún un mọ́ra díẹ̀, títí tó fi máa wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

Kó lóṣòó tàbí kó jókòó sílẹ̀, kó má dúró lórí wọn. Lójú adìẹ, ohun tó bá ti òkè bọ̀ lójijì, àwòdì ni, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ yín. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ wá, àyà ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ pa, kì í ṣe orí.

Gbígbé ẹ̀ wá ńkọ́? Gbogbo wa la mọ bá a ṣe ń gbá adìẹ lápá mú láti ọjà, tàbí ká di ẹsẹ̀ ẹ̀ ká wá dorí ẹ̀ kodò. Ó ń dun adìẹ, apá lè yẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é lójú ọmọ torí ohun tó bá rí lòun náà máa ṣe. Ẹ kọ́ ọ pé kó fi ọwọ́ méjèèjì bo ìyẹ́ apá mọ́ ọn lára, kó wá ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ àyà, kó gbé e mọ́ra, kó má fún un. Orí ilẹ̀ ni kó jókòó sí tó bá ń gbé e, tó bá já bọ́ kò ní jìnnà. Kó má gbé e sún mọ́ ojú, adìẹ máa ń ṣá ohun tó bá ń dán, yẹtí, ẹyinjú, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣá. Tó bá ń jà kó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ìjà ńbẹ̀.

Ẹ sọ àwọn nǹkan kan fọ́mọ ṣáájú kó má bàa já a láyà. Ọjọ́ tí Kaza kọ́kọ́ yíra nínú iyẹ̀pẹ̀, tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ tó di ojú, igbe tí ọmọ mi ké, Máálàm sáré wá. Wíwẹ̀ ló ń wẹ̀ o! Bí wọ́n ṣe ń lé iná, kòkòrò ara adìẹ, kúrò lára nìyẹn, ẹ lè po eérú díẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ yẹn fún wọn. Tó bá tún tó bí oṣù 5, tí ọmọ bá na ọwọ́ sí i lẹ́yìn á lóṣòó, á tẹ́ apá díẹ̀, ẹyin ti ń bọ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá ń sàba, ọjọ́ 21 gbáko, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á yàtọ̀, á fẹ ìyẹ́, á ṣá a lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ìkórìíra, ó ń dáàbò bo ẹyin ni, kó fi í sílẹ̀ títí tó fi máa pamọ.

Ooru ìhà Àríwá yìí, ẹ má fi ṣeré. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀, àmọ́ ní tòótọ́ kò ní òógùn lára rárá, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i ní March sí April tó lanu, tó ya apá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ pààrọ̀ omi ẹ̀ sí tútù. Iṣẹ́ omi yìí ni mo fún ọmọ mi, àárọ̀ àti ọ̀sán, òun ni àǹfààní ẹ̀ pọ̀ jù fún ọ̀rẹ́ wọn. Oúnjẹ ò le, fíìdì ni kó pọ̀ jù, àgbàdo àti ọkà bàbà díẹ̀ lé e, kí wọ́n má fún un ní oúnjẹ tó ti bu, ẹ̀wà tí wọn ò sè, tàbí èèpo píà.

Ìmọ́tótó: ọṣẹ àti omi lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kàn án, kó má fẹnu kò ó lẹ́nu, torí adìẹ tí ara ẹ̀ le náà lè ní kòkòrò salmonella tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5, ẹ jẹ́ kó máa wò ó ni.

Lùkúlùkú, àìsàn tí wọ́n ń pè ní Newcastle, ló ń pa adìẹ jù nígbà ọyẹ́. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran tìjọba, NVRI, tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos láti ọdún 1924 ń ṣe àjẹsára kan tí wọ́n ń pè ní I-2, ojú adìẹ ni wọ́n ń kán an sí, kò ná owó ńlá, ẹ máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì ṣe é kí ọyẹ́ tó wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ àwọ̀ ewé, ọrùn tó lọ́, tàbí adìẹ méjì mẹ́ta tó kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mú ọmọ kúrò ńbẹ̀ kíá kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran, torí ó lè jẹ́ bird flu, àrùn ẹyẹ tó lè ran èèyàn, Kàdúná ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà lọ́dún 2006. Tí èyí tó jẹ́ tọmọ bá kú, ẹ sọ fún un pé ó kú. Ẹ má ní ó lọ sóko.

Kérésì tó kọjá, àbúrò bàbá ẹ̀ wá kí wa, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó ní àwọn adìẹ yìí mà ti sanra o, èwo la fẹ́ pa níbẹ̀? Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo bùrọ̀dá, èmi ló ń wò. Mo ní ẹran màlúù la rà. Ó yíjú padà, ó lọ mú agolo ẹ̀.