Bí mo ṣe to àwọn ìlú Anioma sínú ìwé wébíìlì

Ẹni tó bá ti gba ẹrù wébíìlì rí ní gáréèjì Ìbàdàn á mọ̀ pé "Onicha" nìkan kì í ṣe àdírẹ́sì. Onicha-Ugbo wà, Onicha-Olona wà, Onicha-Uku wà, inú ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, Aniocha North ní ìpínlẹ̀ Delta, sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Onicha-Ukwuani tún wà ní Ndokwa West lọ́hùn-ún. Ká má tíì wá dárúkọ Onitsha fúnra rẹ̀, tó wà ní òdìkejì odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Anambra, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń pè ní Onicha. Bí awakọ̀ bá gbé ẹrù Onicha-Ugbo dé Onitsha, ó ti sọdá afárá tí wọ́n parí ní 1965 nìyẹn, ọ̀kan lára àwọn afárá tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wọn le jù ní Nàìjíríà. Ẹni tó máa dá ẹrù ọ̀hún padà á sanwó, á sì gba èébú lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n ṣe ìwé kan tí yóò máa wà lórí káńtà wa. Orúkọ ìlú ni kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ibi tí ọkọ̀ wa máa sọ ẹrù kalẹ̀ sí, àti iye tí a máa gbà. Ọ̀gá wa ti fún un lórúkọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá: "Àwọn Ìlú Ìgbò Delta". Orúkọ yẹn ṣì ń bọ̀ wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Orí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Delta ní 25. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló wà ní ẹkùn Delta North, àwọn náà sì ni wọ́n ń pè ní Anioma: Aniocha North, Aniocha South, Ika North East, Ika South, Ndokwa East, Ndokwa West, Oshimili North, Oshimili South àti Ukwuani. Tí ẹ bá bi àgbàlagbà kan tó mọ ayé Bendel, kó tó di pé wọ́n dá Delta sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1991, Aniocha, Ndokwa, Ika àti Oshimili ló máa kà fún yín. Àwọn mẹ́rin yìí ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ di mẹ́sàn-án.

Mo kọ olú-ìlú kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀. Asaba ni ti Oshimili South, Akwukwu-Igbo ni ti Oshimili North. Issele-Uku ló ni Aniocha North, Ogwashi-Uku ló ni Aniocha South. Agbor wà fún Ika South, Owa-Oyibu fún Ika North East. Obiaruku ni ti Ukwuani, Kwale ni ti Ndokwa West, Aboh sì ni ti Ndokwa East. Nígbà tí mo gbé e fún awakọ̀ kan tó ti ń ná ọ̀nà yẹn kí n tó wọ ilé-ìwé, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé ẹnikẹ́ni máa ń wọkọ̀ lọ sí Oshimili North?"

Òótọ́ ló sọ. Ibusa wà ní Oshimili North, bẹ́ẹ̀ ni Okpanam àti Illah. Ṣùgbọ́n tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní kí ẹ gbé ẹrù Okpanam lọ sí Akwukwu-Igbo, ẹ ti ṣìnà, torí Okpanam àti Asaba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn tán. Ibusa náà, láti Asaba ni wọ́n ti ń dé ibẹ̀. Ohun tó wà lórí ìwé ìjọba lọ́tọ̀, ibi tí táyà ń gbà lọ́tọ̀. Mo bá da gbogbo rẹ̀ nù, mo tún un tò ní ọ̀nà-ọ̀nà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni márosẹ̀ Benin sí Asaba. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Abudu ní ìpínlẹ̀ Edo, Agbor ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Umunede, Onicha-Ugbo, Issele-Uku, títí dé Asaba. Ọ̀nà kejì yà ní Agbor, ó gba Abavo, Umutu àti Obiaruku kọjá sí Abraka, kó tó forí lé Warri. Ibẹ̀ ni Umuaja wà, níbi tí odò Ethiope ti ń sun jáde. Ẹrù Umuaja, Obiaruku ni a ń já a sí. Ẹ̀kẹta gba Asaba lọ sí Ibusa, ó gba Ogwashi-Uku dé Kwale, tí ẹ bá sì ń lọ síwájú, ẹ máa já sí Ozoro nílẹ̀ Isoko. Ẹ̀kẹrin tọ ẹ̀gbẹ́ odò Ọya lọ sí òkè: Ugbolu, Illah, Ebu. Àwọn ará Ebu ń sọ èdè Ígálà, kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu, torí ilẹ̀ Ígálà kò jìnnà síbẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó báyìí, àwọn orúkọ tó jọra wá hàn gbangba. Issele-Uku, Issele-Azagba, Issele-Mkpitime. Ubulu-Uku, Ubulu-Unor, Ubulu-Okiti. Idumuje-Ugboko, Idumuje-Unor. Utagba-Ogbe tó jẹ́ Kwale gan-an, àti Utagba-Uno. Òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ gba ẹrù tí wọ́n bá kọ ìdajì orúkọ sí. Kí oníbàárà kọ orúkọ tán, tàbí kó gbé ẹrù rẹ̀ dání. Àwọn kan bínú o, pàápàá àwọn tó gbà pé Issele-Uku nìkan ni Issele láyé.

Ibi tó fún mi ní ìṣòro jù ni Boji-Boji. Ẹni tó bá dúró ní àárín ọjà rẹ̀ á rò pé ìlú kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n apá kan jẹ́ Boji-Boji Agbor ní Ika South, apá kejì jẹ́ Boji-Boji Owa ní Ika North East. Ní ti ẹrù, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ibì kan náà ni ọkọ̀ ń dúró sí. Àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti kọ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Mo kọ méjèèjì, mo fi owó kan náà síwájú wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ọ̀gá sọ ìwé náà wá dé. Mo ti tẹ àkọlé yẹn gàdàgbà sí òkè nígbà tí bàbá kan tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Agbor rí i. Ó ní, "Ta ló ní Ìgbò ni mí? Ika ni mí." Ó ní láti Benin ni àwọn baba ńlá òun ti wá, pé Dein ni ọba àwọn. Màmá kan láti Asaba tó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán: Ìgbò ni òun ní tòun, òun kò sì ní fi bò torí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Amai, ní kí wọ́n sá ti fi Ukwuani sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ti pa èèyàn rí níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ará Asaba jáde síta pẹ̀lú aṣọ funfun àti ijó láti fi hàn pé ìjọba àpapọ̀ ni àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, àgbà àti ọmọdé. Lójú tèmi, iléeṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kò ní iṣẹ́ kankan nínú kó máa sọ ẹni tí oníbàárà jẹ́ fún un. Mo pa àkọlé náà rẹ́, mo kọ "Anioma àti agbègbè rẹ̀". Ọ̀gá kùn díẹ̀, ó sì gbà.

Ohun tó tilẹ̀ tún tako àkọlé ọ̀gá ni ẹrù kan tó ń lọ sí Ugbodu. Mo gbọ́ tí ẹni tó ni ín ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ń gbọ́ ọ ní ìdákúrekú, mo ṣáà rò pé ará Àkókó tàbí Ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tó parí, mo kí i, mo béèrè ìlú rẹ̀. Ó ní Olùkùmi ni èdè àwọn. Aniocha North ni Ugbodu wà, Ìgbò ló yí wọn ká, àwọn náà sì ń sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n inú ẹbí èdè Yorùbá ni tilé wọn wà. Ọba wọn ń jẹ́ Oloza. Láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Ukwu-Nzu tí mo ti kọ sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Eko-Efun, mo bá kọ méjèèjì, kí akọ̀wé tó bá wà lórí káńtà má dá ẹrù Eko-Efun padà pé kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà débi pé ìlà gùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ fún un pé Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn tiwa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Ó ti mọ̀ tipẹ́.

Ndokwa East ni mo gbẹ́yìn sí, torí owó rẹ̀ kò ṣe é gún régé. Aboh wà létí odò Ọya, ìlú alágbára ni látijọ́. Iwájú ọba rẹ̀ ni wọ́n mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander lọ ní 1830, nígbà tí àwọn òyìnbó méjèèjì ń wá ibi tí odò náà ti wọ òkun. Lónìí, Kwale ni ọkọ̀ wa ń dúró sí. Níbẹ̀, ẹni tó ni ẹrù á wá gbé e, tàbí kó bá ọlọ́kọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀, tàbí ọlọ́kọ̀ ojú omi. Tí omíyalé bá dé bíi ti 2012 àti 2022, ẹ má tilẹ̀ gba ẹrù ibẹ̀. Nínú ìwé náà, mo kọ "ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó máa gbà á" sí àyè tó yẹ kí owó wà.

Ìlú kan tó kù tí èmi àti ọ̀gá kò tíì fẹnu kò lé lórí ni Igbanke. Orhionmwon ní ìpínlẹ̀ Edo ló wà, torí náà ọ̀gá ní kí n yọ ọ́. Àmọ́ èdè Ika ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Agbor sì sún mọ́ wọn. Mo fi í sílẹ̀ sábẹ́ Boji-Boji. Iye tí a máa gbà ló kù: ọ̀gá ní owó Benin, èmi ní owó Agbor.