Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Ra Ìpín Ilé-iṣẹ́ Bàálù Business Class Olówó Pọ́ọ́kú

Láàárín oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ bàálù mẹ́ta tó ń gbé èrò láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti New York kógbá sílé. MAXjet ló kọ́kọ́ lọ, ní ọjọ́ 24 Oṣù Kejìlá 2007, nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la. Eos tẹ̀ lé e ní òpin Oṣù Kẹrin 2008. Nígbà tó di ọjọ́ 30 Oṣù Karùn-ún, Silverjet náà dáwọ́ dúró. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tà: bàálù tí gbogbo ìjókòó inú rẹ̀ jẹ́ business class (ìjókòó ìgbádùn tó wọ́n ju ti gbogbo èrò lọ), ní owó tó kéré gan-an sí ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìpín MAXjet àti ti Silverjet wà lórí AIM, ọjà ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ ti lè rà. Owó ọ̀pọ̀ èèyàn wọgbó níbẹ̀.

Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láyé, kòtò tí àwọn tó ń fi owó sí i ń já sí kò sì yí padà. Ohun méjì ló yẹ kí olùdókòwò máa bi ara rẹ̀ láràárọ̀: owó tó wà lọ́wọ́ wọn yóò gbé wọn dé ìgbà wo? Ta ni yóò sì fún wọn ní òmíràn? Ẹni tó bá gbàgbé ìbéèrè méjì yìí ni àwọn àṣìṣe tó kù máa ń rí mú.

Ẹ má torí pé ìjókòó dùn ra ìpín

Silverjet ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Luton. Èrò lè dé ibẹ̀ nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí bàálù gbéra, kò sì ní tò sórí ìlà kankan. Ìjókòó ń nà di ibùsùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan sì wà fún obìnrin nìkan. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti £999, iye tó jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbà fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ láti Heathrow, pápákọ̀ tó tóbi jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó wọ̀ ọ́ yìn ín, ìyìn náà sì tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàálù àti ẹni tó ra ìpín kò sí ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí ọjà bá lọ ní ìdajì iye tó yẹ kó lọ, ẹni tó rà á ló jèrè. Ta ló san ìdajì tó kù? Àwọn tó fi owó wọn dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ Ryanair kọ́ lèyí

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ìṣirò wà. Tí èèyàn bá ti gbọ́ “olówó pọ́ọ́kú”, ọkàn rẹ̀ á fò lọ sí Ryanair, ilé-iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú ti Ireland, á ní iṣẹ́ tó ń mú èrè wá nìyẹn. Ryanair kó ìjókòó 189 sínú Boeing 737-800 kan ṣoṣo. Torí pé èrò pọ̀ ni owó epo, owó awakọ̀ àti owó pápákọ̀ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan fi kéré. Àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí a ń sọ yìí ṣe òdì kejì rẹ̀ gan-an. Eos fi ìjókòó 48 sínú Boeing 757, ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń kó bí igba èèyàn sí. Silverjet fi 100 sínú Boeing 767-200, MAXjet fi 102. Bàálù kò mọ̀ pé èrò inú òun kéré. Awakọ̀ kò dín, owó ìbalẹ̀ tí pápákọ̀ ń fi ìwúwo bàálù ṣírò kò fi bẹ́ẹ̀ dín, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù tí wọ́n ń san fún ẹni tó fi ọkọ̀ háyà fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbé e wò. Ká ní epo tí bàálù kan máa jó láti Luton dé Newark, pápákọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ New York, jẹ́ 40,000 dọ́là. (Mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni.) Bí ìjókòó 100 bá kún pátá, epo kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 400 dọ́là. Bí èrò 60 péré bá wọ̀ ọ́, ó ti di 667. Ní àkókò yẹn, £999 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 dọ́là, ìyẹn nǹkan bí 1,000 ní ìrìn kan. Èrò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó rẹlẹ̀ jù, nínú bàálù tí kò kún, ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀ ra epo. Nínú 333 tó kù ni wọ́n ti máa san owó awakọ̀, owó àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, oúnjẹ, àtúnṣe, owó háyà ọkọ̀ àti owó gbọ̀ngàn Luton tó dùn ún wò yẹn. Lóòótọ́, àwọn kan san ju £999 lọ, àwọn yẹn gan-an ló ń gbé ilé-iṣẹ́ ró. Ẹ wádìí iye wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Epo náà kò sì dúró sójú kan. Nígbà tí Silverjet gbéra ní Oṣù Kìíní 2007, àgbá epo rọ̀bì kan kò tó 60 dọ́là. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó kan 100. Ní Oṣù Keje 2008 ó kọjá 147, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń bá àwọn tó ń ta epo dá iye kan sílẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀wọ́n gógó má bàa bá wọn lójijì. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré kì í rí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa, torí ẹni tó máa bá a ṣe é fẹ́ rí owó ìdúró nílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìròyìn pé “bàálù wa ti ń kún.” Bàálù lè kún fọ́fọ́ nítorí pé wọ́n dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù. Iye tí ìjókòó kan mú wọlé ni kí ẹ béèrè.

Ẹ má yọ̀ nígbà tí abánidíje bá ṣubú

Nígbà tí MAXjet kógbá sílé, àwọn kan rò pé èrò rẹ̀ yóò ya lọ sọ́dọ̀ Eos àti Silverjet. Ohun tó pa MAXjet kò tíì lọ síbì kankan: epo wọ́n, owó báńkì ti ń le, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti jí. Ní Oṣù Kẹwàá 2007, American Airlines fi bàálù sí ọ̀nà Stansted ní Lọ́ńdọ̀nù sí JFK ní New York, ọ̀nà tí MAXjet àti Eos ń ná. Oníṣòwò tó ń rìnrìn àjò lemọ́lemọ́ fẹ́ ọkọ̀ tó ń gbéra léraléra láti Heathrow, kí ó lè wọ èyí tó tẹ̀ lé e bí ìpàdé rẹ̀ bá pẹ́. Ó ti kó máìlì (àmì ẹ̀yẹ tí ilé-iṣẹ́ bàálù ń fún oníbàárà tó ń wọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́) jọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ sì ti bá wọn ṣe àdéhùn owó ọdún. Ìdajì owó kò tó láti fà á kúrò níbẹ̀.

Owó ìlérí kì í ṣe owó ọwọ́

Èyí ló burú jù lójú tèmi. Eos sọ pé àdéhùn owó tuntun ti wà nílẹ̀ fún òun, pé ọ̀rọ̀ kan ló yọjú ní ìgbẹ̀yìn tí kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Silverjet kéde pé olùdókòwò kan láti United Arab Emirates, Viceroy Holdings, yóò gba òun sílẹ̀. Inú àwọn onípìn-ín dùn. Nígbà tó di Oṣù Karùn-ún, mílíọ̀nù 5 dọ́là tó yẹ kó wọlé nínú àdéhùn náà kò wọlé. Mílíọ̀nù 5! Fún ilé-iṣẹ́ bàálù, owó tó kéré ni, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń dúró dè. Tí ẹ bá rí “a ti fohùn ṣọ̀kan”, ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e: ìgbà wo ni owó náà máa wọlé, kí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọlé, ṣé ẹni tó ṣèlérí lè yẹ̀ ẹ́?

Ẹ sì mọ̀ pé iyèméjì fúnra rẹ̀ ń pa ilé-iṣẹ́ bàálù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ń ra epo òní. Àwọn tó ń bá wọn gba owó orí káàdì ló máa dá owó padà fún èrò bí bàálù kò bá fò, nítorí náà, tí ẹ̀rù bá ti bà wọ́n, wọ́n á dá owó náà dúró títí èrò yóò fi débi tó ń lọ. Ẹni tó ń ta epo náà á ní kí wọ́n sanwó kí òun tó rọ ọ́. Ní Oṣù Kẹrin 2008, ohun tó lé Frontier Airlines ti Amẹ́ríkà lọ sílé ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó káàdì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú púpọ̀ sí i lára owó rẹ̀ dání. Wọ́n ń fò lọ́wọ́ o.

Ìpín tó ń wálẹ̀ kò tíì di ọjà ọ̀pọ̀

Bí ìpín bá já sí ìdajì, àwọn kan á tún rà sí i kí iye tí wọ́n rà á lápapọ̀ lè wálẹ̀. Lórí AIM, àwọn tó ń rà kì í pọ̀, ẹ lè fẹ́ tà lọ́la kí ẹ má rí ẹni tó máa gbà á. Ó tún burú ju ìyẹn lọ: wọ́n dá kárà-kátà ìpín MAXjet àti ti Silverjet dúró nígbà tí bàálù wọn ṣì ń fò. Láti ìgbà yẹn, onípìn-ín kàn ń wòran ni. Bí wọ́n bá sì ń pín ohun tó kù, àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló ń ṣáájú, onípìn-ín ló ń kẹ́yìn, ìgbà púpọ̀ ni kì í sì kan nǹkan kan.

Àṣìṣe mìíràn wà ní apá kejì, ìyẹn kí èèyàn sọ pé irú iṣẹ́ yìí kò lè yè láé. L'Avion, tó ń fò láti Orly ní Paris sí Newark pẹ̀lú ìjókòó 90 nínú Boeing 757, rí olùrà: British Airways san mílíọ̀nù 54 pọ́n-ùn fún un ní Oṣù Keje 2008, nígbà tí epo ga jù. La Compagnie bẹ̀rẹ̀ láti Paris ní 2014. Ó fi ọ̀nà Luton sílẹ̀ ní 2016 nígbà tí kò mú owó wá mọ́, ó sì pààrọ̀ Boeing 757 rẹ̀ sí Airbus A321neo oníjókòó 76 tí kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀ ní 2019. Ẹ fi ìwé ìṣirò èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá fún yín wé ti àwọn méjì yìí: irú ọkọ̀ wo ni, iye ọ̀nà tí wọ́n ń ná, bí wọ́n ṣe tètè fi ọ̀nà tí kò pé wọn sílẹ̀, àti iye oṣù tí owó inú báńkì wọn lè gbé wọn bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó fi kún un.