Bí mo ṣe ya Quechua sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi orúkọ kan ṣoṣo ná mi lówó

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó iṣẹ́ kan náà, inú sì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn tó gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Perú fún mi kọ "que" sára gbogbo rẹ̀, wọn kò kọ nǹkan mìíràn. Que ni àmì tí ISO 639-3, ìlànà àgbáyé tó ń fún èdè ní àmì, fi ń pe gbogbo Quechua pọ̀, ìyẹn ìdílé èdè àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, èdè tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní 40, oníkálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Ta ló ń fi orúkọ ìdílé pe ọmọ tó ní orúkọ tirẹ̀?

Ọmọ bíbí Cusco ni mo bẹ̀ pé kó bá mi kọ ọ̀rọ̀ inú ohùn náà sílẹ̀. Ti Cusco kò gbà á lákòókò. Ti Ayacucho náà rọrùn: búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní t'anta ní Cusco, tanta ni ní Ayacucho, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀ka èdè nìyẹn, kò lẹ́jọ́ nínú.

Áncash ló dá wa dúró. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí, ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, gbólóhùn kò sì já síbì kan. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó tọ́ sí i. Èmi jókòó ti ohùn obìnrin kan, mo ń dá a padà, mo ń tún un gbọ́. Ibi tí ará Cusco á ti sọ pé wasiy, ìyẹn "ilé mi", ńṣe lobìnrin yìí fa fáwẹ̀lì ìparí gùn: wasii. "Nínú ilé" jẹ́ wasipi ní Cusco. Ní Áncash, wasichaw ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn ìparí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló so gbólóhùn ró, bí wọ́n bá ti yàtọ̀, kò sí bí ará Cusco ṣe lè máa bá a lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe àwárí tuntun. Àwọn onímọ̀ èdè, Gary Parker ní 1963 àti Alfredo Torero ní 1964, ti pín ìdílé èdè náà sí méjì. Ti àárín gbùngbùn Perú, Áncash, Huánuco àti Junín, ni Torero pè ní Quechua I; Cusco, Ayacucho, Bòlífíà àti Ecuador wà nínú Quechua II. Mo fi ìyẹn ṣe àtẹ, mo tò gbogbo ohùn náà sí i, kò sì sí ẹni tó rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Mo fi yangàn! Lẹ́yìn náà ni mo wá ọmọ Áncash, mo sì tún yọ owó.

Ẹ béèrè ìlú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ má sì rò pé Quechua II jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kichwa Ecuador kò fi nǹkan kan kún ìparí "ilé" mọ́, ñuka wasi ni wọ́n ń sọ fún "ilé mi". Bí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ọmọ Ecuador ni kí ẹ wá.