Báákóòdù Ẹ̀yìn Ìwé Ló Dá Ìwé Tuntun 86 Dúró

Rólù lébẹ́ẹ̀lì méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ kó tán rólù kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: lébẹ́ẹ̀lì 100 tí báákóòdù àti nọ́ńbà ilé ìkàwé wà lórí wọn ló wà nínú rólù kọ̀ọ̀kan, ìwé tuntun tó wọlé sì jẹ́ 86. Mẹ́rìnlá ló yẹ kó ṣẹ́ kù. Kàkà bẹ́ẹ̀, rólù tán, ìwé 33 ṣì wà lórí tábìlì láìní nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ a ti lẹ pósítà mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé pé wákàtí ìtàn àwọn ọmọdé máa wáyé lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n á sì lè yá àwọn ìwé tuntun náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Títú páálí, fífi ìwé wé ìwé ẹrù, lílu òǹtẹ̀: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí ti mọ ìyẹn. Ohun kan péré ni mo máa sọ níbẹ̀. Ẹ ṣí inú ìwé wò kí ẹ tó lu òǹtẹ̀. Orí bébà ńlá ni wọ́n ti ń tẹ ìwé, wọ́n á wá ká a di ojú ewé 16 tàbí 32, nítorí náà tí ojú ewé bá máa sọnù, odindi ìdì kan ló sábà ń sọnù. Ọ̀kan nínú tiwa fò láti ojú ewé 32 bọ́ sí 49. Torí pé òǹtẹ̀ wa kò tíì kàn án, wọ́n fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata.

Báákóòdù ló fa wàhálà. Páálí tí wọ́n kó ìwé sí dé ṣáájú rólù lébẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ ò fẹ́ jókòó lásán. Ó yí ìwé kọ̀ọ̀kan dojú bolẹ̀, ó rí báákóòdù tó ti wà níbẹ̀, ó sì ń fi sikánà kà á wọ Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí káńtálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé wa wà nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú àyè tó yẹ kí nọ́ńbà ilé ìkàwé wà. Koha gbà á, kò ráhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà: nọ́ńbà ni nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà.

ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìwé ń gbé wá láti ọ̀dọ̀ akéde rẹ̀, ni ohun tó wà lẹ́yìn ìwé yẹn. Láti ọdún 2007 ló ti di oní-nọ́ńbà 13, 978 tàbí 979 ló sì máa ń ṣáájú. Ìtẹ̀jáde ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ̀dà. Bí ẹ bá ra ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ìwé kan náà, ISBN kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Nọ́ńbà ilé ìkàwé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ lára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, òun ló ń jẹ́ ká mọ ẹ̀dà tó jáde àti èyí tó ṣì wà lórí pẹpẹ. Irú ìwé 74 la rà, 12 nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀dà méjì méjì. Nígbà tí ẹ̀dà kejì dé iwájú sikánà, Koha kọ̀ ọ́, ó ní nọ́ńbà náà ti wà. Olùrànlọ́wọ́ mi rò pé òun ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, ó kó gbogbo 12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà tí mo ka ìwé tó wà lórí tábìlì tó pé 86, tí káńtálọ́ọ̀gì ń pè é ní 74, ni ojú mi là.

Ìyẹn nìkan ì bá ṣì rọrùn. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì ti dé, wọ́n sì ti lẹ 47 mọ́ ìsàlẹ̀ páálí ẹ̀yìn ìwé, ẹ̀gbẹ́ ISBN tímọ́tímọ́. Èyí tí iná sikánà bá kọ́kọ́ bà ló máa kà: nígbà míì tiwa, nígbà míì ISBN. Mo bọ́ gbogbo 47 kúrò. Lébẹ́ẹ̀lì tí a bá bọ́ kì í wúlò mọ́. Ó ń ya, ó sì ń fa àwọ̀ páálí ìwé dání. Bí ó ṣe di 53 fún ìwé 86 nìyẹn.

Òkè páálí iwájú, lápá òsì, ni tiwa wà báyìí, ibì kan náà lára gbogbo ìwé. Ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó fi ọ̀rá bo ìwé. Tó bá wà lórí ọ̀rá, etí rẹ̀ á máa ṣí. Ọ̀rá tó ń dán máa ń da iná sikánà padà, nítorí náà tí kò bá kà, ẹ dá sikánà tẹ̀ díẹ̀. Ní ti ISBN, mo fi bébà funfun tó ní gọ́ọ̀mù bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ ìwé, kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi ti ẹ̀yìn ìwé ṣe.

Láti rí àwọn tó bàjẹ́ nínú Koha, mo lọ sí Reports, mo ní kó kó gbogbo ẹ̀dà tí barcode LIKE '978%' wá, ìyẹn àwọn tí nọ́ńbà wọn fi 978 bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe ti 979 náà. Mo gbé àbájáde rẹ̀ sínú Excel kí n lè kọ nọ́ńbà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe ara mi níbẹ̀. Fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì tí kò ní ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, ni Koha fi gbé e jáde. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Excel sọ ISBN di 9.78E+12, ó gé òdo iwájú nọ́ńbà tiwa dànù, 0000412 di 412. Mo fi pamọ́ láìwò ó. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ISBN lọ pátápátá, fáìlì yẹn ò lè dá a padà mọ́. Àmì orí lẹ́tà nínú àkọlé ìwé pẹ̀lú di wúruwùru. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n ṣí Excel lófìfo, kí n kó fáìlì wọlé láti inú Data, kí n yan UTF-8 kí àmì orí lẹ́tà má bàa dàrú, kí n sì sọ òpó nọ́ńbà di Text.

Nígbẹ̀yìn, ọwọ́ ni mo fi ṣe 74 náà: ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀dà, pa nọ́ńbà rẹ́, fi sikánà ka lébẹ́ẹ̀lì tuntun, fi pamọ́. Mo wá fi ẹ̀dà 12 tó kù kún un. Ó yá ju gbogbo ọgbọ́n Excel tí mo ń dá lọ, ó sì dùn mí láti gbà bẹ́ẹ̀. Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ òǹkàwé, ẹ má fòyà, nọ́ńbà inú tí Koha fún ẹ̀dà náà ló fi ń rántí ẹni tó yá a, kì í ṣe báákóòdù.

Rólù kejì dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbogbo 86 ti dúró lórí pẹpẹ Ìwé Tuntun kí aago mẹ́wàá Sátidé tó lù, ojú páálí wọn síta, kì í ṣe ẹ̀yìn. Mo fi bébà péńpé tí mo kọ ọjọ́ sí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà á padà sí àyè rẹ̀ gan-an, a ó sì yí i padà nínú káńtálọ́ọ̀gì lọ́jọ́ kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́.

Pósítà tó ń bọ̀, ọjọ́, aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, àti bóyá wọ́n máa forúkọ sílẹ̀ nìkan ni mo máa kọ sí i. Ọ̀rọ̀ ìwé tuntun ò ní sí lórí rẹ̀ títí sikánà á fi ka ìwé tó kẹ́yìn.

Lébẹ́ẹ̀lì 67 ló ṣẹ́ kù nínú rólù kejì. Inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n wà, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.