Ológbò Àgbà Tí Ẹ Gbà Là: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ilé Tuntun fún Un

Òjò ìrọ̀lẹ́ kan ló lé ológbò tí mo wá ń pè ní Pẹ̀lẹ́ wọ abẹ́ ìjókòó kọ̀rọ̀pẹ̀ nítòsí Ọlá-Ìyá, ní Òṣogbo. Dẹ́rẹ́bà ti fi ìrù gbé e, ó fẹ́ sọ ọ́ sí gọ́tà, ni mo bá ní kó gbé e fún mi. Bí èmi tí mò ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ ṣe di ẹni tó ní ológbò nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń gbé kì í lè mí dáadáa níbi tí irun ẹranko bá wà, torí náà kò sí pé mo fẹ́ gbà á tọ́. Ilé mìíràn ni mo gbọ́dọ̀ wá fún un. Oṣù méjì ni iṣẹ́ náà gbà mí, mo sì ṣi ilé mú lẹ́ẹ̀kan. Bí irú rẹ̀ bá já lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe é bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é.

Ọmọ ológbò kì í pẹ́ rílé. Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ẹni mẹ́rin ti ní àwọn fẹ́. Ẹ wá sọ pé ológbò ọlọ́dún mẹ́ta ni, kí ẹ gbọ́ àwáwí: á sá padà síbi tó ti wá, ó ti mọ olè jà, kò ní mọ èèyàn mọ́. Mi ò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ọmọ ológbò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa dà. Àgbà ológbò, ìwà rẹ̀ ti hàn. Ẹ ti lè rí i bóyá ó ń bẹ̀rù ariwo, bóyá ó ń pa èkúté, bóyá ó gbà kí ọmọdé fọwọ́ kan òun. Torí náà, kí ẹ tó wá èèyàn, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wádìí bóyá ó ní ilé tẹ́lẹ̀

Ológbò máa ń rìn jìnnà, pàápàá akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá. Èyí tí ara rẹ̀ ń dán, tó ń sáré tọ èèyàn, tàbí tí okùn ti fi àmì sí lọ́rùn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa wá a. Ẹ bèèrè ní àdúgbò tí ẹ ti rí i: lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, lọ́wọ́ mállàm onísúyà, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ta píọ́ wọ́tà. Àwọn ni wọ́n mọ ẹran ilé oníkálukú. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó fún ìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní òun ló ni ín, ẹ ní kó fi fọ́tò àtijọ́ hàn yín, tàbí kó sọ àmì kan lára rẹ̀ tí ẹ kò tíì fi han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko

Ibí yìí ni owó ń lọ, ẹ má sì fo ó. Àjẹsára àrùn dìgbòlugi ló ṣe pàtàkì jù, torí kì í ṣe ajá nìkan ló ń kó o, ológbò náà ń kó o, ó sì lè kó o ran èèyàn. Bí ológbò tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀ bá bù yín jẹ tàbí tó fi èékánná ya yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo pa á kí ẹ lọ sùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn aràn, àti iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Abo ológbò lè lóyún láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, oyún rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré. Bí ẹ bá fi abo tí wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fún tọrẹ, ó lè jẹ́ ológbò márùn-ún lẹ fi tọrẹ láìmọ̀. Akọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá kì í sábà rìnrìn àrè mọ́, kì í sì í fi ìtọ̀ sàmì sára ògiri tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gba káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ àjẹsára sí. Ẹni tó máa gbà á yóò fẹ́ rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ológbò ní parasítámọ́ọ̀. Hóró kan ṣoṣo lè pa á, torí ara rẹ̀ kò lè lo oògùn náà bí tiwa ṣe ń lò ó. Ọ̀tápíápíá tí àwọn kan máa ń fi pa eégbọn lára ẹran, ológbò á lá a nígbà tó bá ń fi ahọ́n tún irun rẹ̀ ṣe, ó di májèlé nínú rẹ̀. Àwọn oògùn eégbọn ajá kan náà wà tí wọ́n léwu fún ológbò, pàápàá èyí tí wọ́n bá kọ permethrin sí lára.

Ẹ fún un ní yàrá kan, kí ẹ máa wò ó

Páálí kan tí ẹ da ojú rẹ̀ dé tí ẹ sì gé ẹnu ọ̀nà sí, omi, oúnjẹ, àti àwo ńlá kan tí ẹ da iyanrìn sí fún ìgbẹ́. Ẹ máa kó ìgbẹ́ náà dànù lójoojúmọ́, kí aboyún má sì fọwọ́ kàn án, torí kòkòrò àrùn kan máa ń wà nínú ìgbẹ́ ológbò tó lè ṣe oyún lọ́ṣẹ́. Ní ti oúnjẹ, ṣàwá tàbí pánlá bíbọ̀ dára, láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà. Ẹran àti ẹja ni ara ológbò ń fẹ́. Èbà tí ẹ fi omi ọbẹ̀ pò lè kún inú rẹ̀, kò lè gbé e ró. Wàrà tí gbogbo wa gbà pé ó fẹ́ràn yìí, ó máa ń da inú ọ̀pọ̀ àgbà ológbò rú. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Pẹ̀lẹ́ fi wà lẹ́yìn sílíńdà gáàsì mi. Ẹja tí mo bá gbé sílẹ̀ lálẹ́ á ti tán láàárọ̀, mi ò ní rí ẹni tó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mi ò wojú rẹ̀. Ó yọ orí, ó wò mí, ó ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi náà ṣẹ́jú. Ló bá jáde, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bọ́ ṣòkòtò, ó wá fi àgbọ̀n nu ojúgun mi. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣe dún báyìí, ó ti padà sẹ́yìn sílíńdà. Mo kọ méjèèjì sínú ìwé: ẹni jẹ́jẹ́ ló ń fẹ́, ilé aláriwo kò bá a mu. Ọ̀sẹ̀ méjì irú àkọsílẹ̀ yìí ló sọ fún mi irú ẹni tí mò ń wá.

Ìkéde: ẹ sọ òótọ́

Ẹ ya fọ́tò lójúmọmọ, kí ẹ lóṣòó kí kámẹ́rà lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Fọ́tò alẹ́ tí iná fóònù mú kí ojú rẹ̀ máa kọ yẹ̀rì á lé èèyàn sá, pàápàá níbi tí a ti ń pe ológbò ní ẹran àjẹ́. Ohun tí mo kọ sábẹ́ tèmi nìyí:

“Abo ológbò ni, àwọ̀ eérú tó ní ilà dúdú. Dókítà ní yóò tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti gba àjẹsára dìgbòlugi, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò lè bímọ mọ́. Orí iyanrìn ló ń yàgbẹ́ sí. Kò fẹ́ ariwo. Ọmọ tó bá fa ìrù rẹ̀ á rí èékánná. Bí ẹ bá gbé ẹja kalẹ̀ tí ẹ kò dé e, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ó máa ń wá jókòó ti èèyàn lálẹ́, ṣùgbọ́n kì í gun itan.”

Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ní ta ló máa gbé ẹran tí olùtọ́jú rẹ̀ ń bà lórúkọ jẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí òótọ́ yìí bá lé lọ, á ti dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni.

Sítátọ́ọ̀sì nìkan kò tó. Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àdúgbò, mo sọ fún dókítà, mo tún lọ bá àwọn tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàárì ní Ọjà Ọba àti Ìgbọ̀nà, torí ẹni tí èkúté ń dá àpò rẹ̀ lu kò nílò ìwàásù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó fẹ́ ológbò pọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ dénú. Ẹ sáà bi wọ́n léèrè ibi tó máa wà bí iléèwé bá gba ìsinmi.

Ẹ bèèrè, kí ẹ sì fetí sí ohun tí wọ́n ń bèèrè

Ẹni tó bá jẹ́ pé àwọ̀ ló kọ́kọ́ bèèrè, “Ṣé dúdú minimini ni? Ṣé kò ní àmì funfun kankan?”, ẹ fura sí i. Mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: àwọn kan ń wá ológbò láti fi ṣe oògùn, àwọn kan ń wá a fún ìkòkò ọbẹ̀. Méjì nínú àwọn tó pè mí kò bèèrè nǹkan kan ju ìgbà tí àwọn lè wá gbé e lọ. Ẹni tó fẹ́ bá ológbò gbé máa ń bèèrè títí tí yóò fi sú yín.

Èmi náà ní ìbéèrè mẹ́ta tí n kì í fò. Kí lẹ fi ń pa èkúté báyìí? Bí ó bá jẹ́ májèlé, kí wọ́n kó o kúrò kí ológbò tó wọlé, torí èkúté tó ti jẹ májèlé lè pa ológbò tó bá jẹ ẹ́. Ta ló máa fún un lóúnjẹ bí ẹ bá lọ ìnáwó ní Ìlọrin fún ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ̀kẹta, àwọn ta lẹ jọ ń gbé, ṣé gbogbo wọn gbà, títí kan lánlọ́ọ̀dù? Ọkùnrin kan ti múra tán láti gbé Pẹ̀lẹ́, ni ìyá rẹ̀ bá ti Ìkìrun dé, ó rí fọ́tò, ó ní, “Ẹran àjẹ́ lo fẹ́ mú wọlé tọ̀ mí?” Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ó sàn kó tán lórí fóònù ju kó tán lójú títì lọ.

Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dé ilé náà

Ibí ni mo ti ṣìṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán dáhùn gbogbo ìbéèrè mi dáadáa lórí fóònù. Mo gbé Pẹ̀lẹ́ fún un ní ìkòríta, mo padà sílé, inú mi ń dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó pè mí: ológbò ti gba ojú fèrèsé tí gíláàsì méjì ti yọ nínú rẹ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wá a. Mo wá mọ gbogbo ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ní àdúgbò yẹn ju àwọn bíríkìlà lọ. Ohùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn kan, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ọmọ náà kò hùwà burúkú kankan. Èmi tí mi ò lọ wo fèrèsé rẹ̀ ni mo jẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, ẹ wo ilẹ̀kùn bóyá ó ń tì, kànga bóyá ó ní ìdérí, ajá bóyá wọ́n ń so ó, àti bí títì ṣe súnmọ́ tó.

Ìyá oníràìsì kan ní Ìgbọ̀nà ló gbà á níkẹyìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí mo lọ wo ilé, òun ló ń bi mí léèrè.

“Ọmọ mi, ṣé á jẹ́ kí n sùn lóru?”

“Màmá, ó máa ń rìn kiri lóru, ṣùgbọ́n kì í pariwo.”

“Ẹja mi ńkọ́?”

“Bí ẹ kò bá dé e, yóò jẹ ẹ́, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “O ṣé tó o sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá wọn kó tó kú.”

Ọjọ́ tó ń lọ

Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí tàbí páálí tó le tí ẹ lu ihò sí ni kí ẹ fi gbé e, kì í ṣe àpò. Kẹ̀kẹ́ Márúwá sàn ju ọ̀kadà lọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní bíi wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó gbéra, kó má baà bì sínú apẹ̀rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí oṣù Kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, ẹ sún un síwájú. Ìlù àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò yẹ ẹran tó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ mú aṣọ tó ń sùn lé àti díẹ̀ nínú iyanrìn rẹ̀ dání, kí òórùn ara rẹ̀ lè bá a débẹ̀.

Ní ilé tuntun, yàrá kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Á sá pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n má fà á jáde. Kó má tẹ ìta rárá títí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin yóò fi pé, torí ológbò tó bá tètè jáde lè máa wá ọ̀nà ilé àtijọ́. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n dá a padà sí, kí wọ́n má fi í ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ pè lọ́jọ́ kejì, ẹ pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pè bí oṣù bá parí. Ẹ má wulẹ̀ lọ kí i ní gbogbo ìgbà. Ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tuntun rẹ̀.

Nígbà tí oṣù kan pé, mo pe Màmá. Ó ní èkúté kan ṣoṣo ló tíì pa, ó sì tẹ́ ẹ sórí bàtà òun bí ẹni tó ń san owó ilé. Ó wá ní kí n tún ìwé tí mo kọ yẹn kọ, irọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ní irọ́ wo, Màmá?

Ó ní, “O ní kì í gun itan. Mi ò tiẹ̀ lè dìde gba owó lọ́wọ́ oníbàárà báyìí.”