Bí A Ṣe Ń Pèsè Àkójọ Iṣẹ́ Gíráfíìkì Kí A Tó Jáde Ilé Ìwé

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ gíráfíìkì dáadáa ń jáde ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán. Ṣùgbọ́n bí agbanisíṣẹ́ bá ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn han òun, fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí, wọn á sì máa fi ìka ti àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn: fúláyà ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, pósítà ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ fọ́tò ìdílé. Ẹni tó ń wò ó kò ní mọ èyí tó yẹ kí òun fara balẹ̀ wò. Àkójọ iṣẹ́, èyí tí àwọn kan ń pè ní pọtifólíò, wà láti fi han ẹni tí kò mọ̀ wá rí pé a mọ bí a ṣe ń ronú lórí iṣẹ́, kì í ṣe pé a mọ kọ̀ǹpútà lò nìkan. Ọdún àṣekágbá ni ó dára jù láti pèsè rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ ṣì wà nítòsí láti tọ́ni sọ́nà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni ṣì wà láti bá ni wò ó, tí a kò sì tíì kó ẹrù kúrò ní Tánkè, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, tàbí ní ilé tí a gbà sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n tó kọ́ gíráfíìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá nílé ìtẹ̀wé tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni àkójọ iṣẹ́ wúlò fún jù, nítorí pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ní sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá gbogbo iṣẹ́ yín jáde

Ẹ ya ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ẹ wá gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó wà nínú fláàṣì, èyí tí ẹ ṣe nígbà SIWES (ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́), àti èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp tí ẹ kò sì tọ́jú ojúlówó rẹ̀. Ojúlówó fáìlì ni mo ń tẹnu mọ́, ìyẹn èyí tí a ṣì lè ṣí kí a sì tún ṣe, ì báà jẹ́ ti àwọn ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà bíi CorelDRAW, Photoshop, Illustrator tàbí Figma, nítorí pé àwòrán tí WhatsApp ti fún pọ̀ kì í mọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ kó àwọn pépà tí ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya èrò yín sí náà jọ, ẹ má ṣe jù wọ́n nù. A óò nílò wọn láìpẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí ibi mẹ́ta: orí kọ̀ǹpútà, inú háàdì díìsìkì tó dá dúró, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Google Drive tó ń fúnni ní àyè GB 15 lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló bá a lọ, àwọn àwòrán kéékèèké tó kù lórí fóònù nìkan ló rí kó jọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, òun ni mo fi fi ìtọ́jú fáìlì síwájú ohun gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan díẹ̀, kí ẹ fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀

Ibí ni ó nira jù. Iṣẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Agbanisíṣẹ́ kì í ní àkókò púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò dára lè mú kó máa ṣiyèméjì nípa mẹ́sàn-án tó kù, nítorí kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀yin fúnra yín mọ ìyàtọ̀ láàrin wọn. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti yọ iṣẹ́ tí a fi òru mẹ́ta ṣe kúrò, ṣùgbọ́n òru tí a kò sùn kì í hàn lójú iṣẹ́.

Bí ẹ bá mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ni ẹni tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi ń fẹ́, ǹjẹ́ ó rí i gbà? Fúláyà lè lẹ́wà bí ẹyẹ ọ̀kín, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ní Challenge, ní Ìlọrin, kò bá lè ka ọjọ́ àti ibi ìpàdé lórí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí, kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ yàn yàtọ̀ síra wọn. Àmì ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́ kan dára, ó sì sàn kí a rí i lórí bébà lẹ́tà, lára àpò àti lórí pátákó ìta ju kí ó dá dúró láàrin ojú ewé funfun lọ. Ìwé pẹlẹbẹ tó ní ojú ewé púpọ̀ ń fi hàn pé ẹ mọ lẹ́tà tò. Ẹni tó ti mọ irú iṣẹ́ tí òun fẹ́, bíi ìwé ara ọjà tàbí ojú ìkànnì ayélujára, lè jẹ́ kí ìdajì àkójọ rẹ̀ dá lórí ìyẹn. Ẹ fi iṣẹ́ tó dára jù ṣíwájú, kí ẹ sì fi èyí tó tẹ̀ lé e parí, nítorí ohun tí ojú rí kẹ́yìn kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Bí ẹ kò bá tíì ní oníbàárà

Ẹ fún ara yín níṣẹ́. Àmì tuntun fún bàtà òkè òkun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yà, n kò sì gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò lè rí ẹni tó ń lò ó láti bi ní ìbéèrè. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òrí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lásán ní àwọn ọjà Ìlọrin nílò ìwé ara ọjà: ẹ lọ bá ìyá tó ń tà á, ẹ bi í pé àwọn wo ló ń rà á, kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ rántí pé orúkọ ọjà, ìwọ̀n rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ ní àyè tiwọn. Ẹ má ṣe dá nọ́ńbà náà sílẹ̀ fúnra yín, ẹ kàn fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo.

Ní gúúsù Kwárà, ìlú Ẹ̀sìẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère olókùúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ìwé kékeré A4 tí a ká sí mẹ́ta, tí yóò máa tọ́ àlejò sọ́nà láàrin àwọn ère wọ̀nyí, jẹ́ iṣẹ́ tó lè dán ọgbọ́n ẹnikẹ́ni wò: kí ni ọmọ ilé ìwé yóò kọ́kọ́ rí, ère wo ni kí a gbé síwájú, báwo ni a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní àyè kékeré? Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Kí ẹ sì kọ ọ́ kedere sí abẹ́ iṣẹ́ náà pé ẹ̀yin ni ẹ fún ara yín, kì í ṣe pé wọ́n gbé e fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sọ ìtàn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Àwòrán tí kò ní àlàyé ń fi agbanisíṣẹ́ sílẹ̀ kó máa méfò. Ẹ kọ bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ni ín, kí ni ìṣòro náà, kí ni ẹ kọ́kọ́ dán wò tí kò bọ́ sí i, kí ni ẹ wá ṣe. Irú àlàyé tí mo ní lọ́kàn nìyí:

“Ìdílé kan ní Ìlọrin fẹ́ káàdì ìpè fún wòlímọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ kí Lárúbáwá, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà lójú kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tò ó, àyè há, àwọn àgbàlagbà kò sì rí àdírẹ́ẹ̀sì kà. Mo gbé Lárúbáwá sókè gẹ́gẹ́ bí àkọlé, mo sọ ọjọ́ àti àdírẹ́ẹ̀sì di lẹ́tà ńlá ní Yorùbá, mo sì gbé Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ẹ̀yìn káàdì. Álífáà kan ló bá mi ka Lárúbáwá náà kí a tó tẹ̀ ẹ́.”

Ẹ̀gbẹ́ àlàyé báyìí ni àwọn pépà tí ẹ fi pẹ́ńsù yà yóò ti wúlò. Ẹ ya fọ́tò wọn nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹlòmíràn lẹ jọ ṣe iṣẹ́ náà, ẹ sọ apá tó jẹ́ tiyín. Fọ́tò tí ẹlòmíràn yà kò gbọdọ̀ dà bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ yà á. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ oníbàárà pẹ̀lú, pàápàá bí nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́ẹ̀sì ìdílé bá wà lórí iṣẹ́ náà. Ẹ pa irú èyí rẹ́ kí ẹ tó gbé e síta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ àmì ohùn wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo èyí. “Ọkọ” ni ẹni tó ń gbéyàwó, “ọkọ̀” ni a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò, “ọkọ́” ni a fi ń ro oko. Káàdì ìgbéyàwó tó pe ọkọ ìyàwó ní ọkọ̀ ti ba ọjọ́ ńlá ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ díẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, kò ní gbogbo àmì wa. Lẹ́tà bíi “ẹ́” kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. “Ẹ” ni a ń kọ, kí a tó fi àmì ohùn lé e lórí, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí, yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Noto Sans, Noto Serif àti Charis SIL ń gbé àmì Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ fi gbólóhùn kan tó kún fún àmì dán fọ́ǹtì wò kí ẹ tó yàn án.

Lárúbáwá náà ní ìṣọ́ra tirẹ̀: ọ̀tún ni a ti ń kà á lọ sí òsì, àwọn lẹ́tà rẹ̀ a sì máa so mọ́ra wọn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ gbé e wọ inú iṣẹ́ yín, kọ̀ǹpútà ti dà á rú, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ pèsè fáìlì

Ẹ ṣe àkójọ náà sí PDF kan tí kò ju MB 10 lọ, nítorí détà kì í ṣe ọ̀fẹ́, Gmail kò sì jẹ́ kí a so fáìlì tó ju MB 25 lọ mọ́ lẹ́tà. Ẹ sọ fáìlì náà ní orúkọ yín, kì í ṣe “final final 3”. Ẹ gbé e sórí Behance pẹ̀lú, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ gíráfíìkì ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn, ọ̀fẹ́ ni.

Fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sórí ìwé, ẹ lo CMYK (àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pò pọ̀), kí àwòrán jẹ́ dpi 300 (ìyẹn ẹ̀kán 300 nínú íńsì kan), kí ẹ sì fi mílímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí ọ̀bẹ agéwèé. Àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú fóònù máa ń rẹ̀wẹ̀sì lórí ìwé; ẹ tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó tẹ ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi han ènìyàn mẹ́ta

Ẹ fi han olùkọ́ kan, ẹ fi han atẹ̀wé kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi han ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ yóò sọ̀rọ̀ lórí èrò yín, atẹ̀wé yóò sọ èyí tí kò ní ṣeé tẹ̀. Ẹni kẹta ni kí ẹ tẹ́tí sí jù: ẹ má ṣàlàyé fún un, ẹ kàn máa wo ibi tí ojú rẹ̀ ti dúró àti ibi tó ti ń ṣí ewé kíákíá.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi ránṣẹ́

Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá parí NYSC. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀, ilé ìtẹ̀wé, ilé iṣẹ́ rédíò, ilé ìwé àdáni, àwọn tó ń ṣe ọjà tà, kí ẹ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Ìkíni, gbólóhùn kan tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́, gbólóhùn kan tó sọ iṣẹ́ wọn tí ẹ rí, àti ọ̀kan tó tọ́ka sí iṣẹ́ yín tó sún mọ́ tiwọn ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sínú ìwé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ tún kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí iṣẹ́ tuntun bá sì ti wá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ atẹ̀wé, kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ni ín.